Lẹ́tà ẹ̀sùn: "Ṣé ẹnì kankan kú nínú yín ni?"

Òṣogbo, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláró tí ẹ kó lọ sí Àgbádárìgì. Mi ò ní tún gbogbo rẹ̀ rò, torí ó wà lọ́wọ́ yín. Ọ́fíìsì yín l'Òṣogbo ti bu ọwọ́ lu lẹ́tà wa pé àwọ́n gbà á, ẹ sì ti ka gbogbo ohun tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ mọ ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú. Ẹ mọ ẹni tó wà á. Ẹ sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí à ń bọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kejì kọ̀, tí àwọn ọmọ yín sì kó èrò inú rẹ̀ dà lé wa lórí, títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí ọkọ̀ dọ́gba.

Ohun tó ń dùn mí jù báyìí ni bí ẹ ṣe ń ṣe wá láti ọjọ́ náà. Ọ́fíìsì Òṣogbo ní ká pe Èkó. Ẹni tó gbé fóònù l'Ékòó ní Òṣogbo la ti sanwó, ká padà síbẹ̀. A padà, wọ́n ní máníjà lọ sípàdé. Wọ́n ní ká wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a dé ibẹ̀, àgádágodo la bá lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló sọ fún wa pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í ni. Ẹ ṣèlérí pé owó tí a san fún ìrìn-àjò náà á padà wọ àkáǹtì ẹgbẹ́ kí oṣù tó parí. Oṣù parí, òmíràn wọlé. Ni ẹnì kan bá tún pè láti Èkó pé ẹ máa dá ìdajì owó padà bí a bá lè fọwọ́ sí ìwé pé a ò ní ẹ̀sùn kankan mọ́. Ta ló rán an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa.

Lẹ́yìn ìyẹn la mú Ìyálájé wa dání lọ sí ọ́fíìsì yín. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni, orúnkún sì ń dùn ún. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì ò kí i, kò fún un ní àga, ó ń tẹ fóònù. Ìyá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, "Ọmọ mi, orúkọ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà la fẹ́ rí, àti iye èèyàn tí ìjọba ní kó máa gbé." Ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, ṣé ẹnì kankan kú nínú yín ni? Odò yẹn ò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹ lọ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ló bá padà sídìí fóònù rẹ̀.

Ẹ bá mi jíṣẹ́ fún un. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ọkọ̀ MV Nyerere dojú dé lórí adágún Victoria ní Tanzania. Èèyàn 101 ni wọ́n ní kó máa gbé. Àwọn tó kú nìkan jẹ́ 228. Àárín agbami kọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èbúté. Nílé wa níbí, ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn ará Pátégí ní Kwara ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó lóru, nínú ọkọ̀ onígi tó kún àkúnjù lórí odò Ọya. Àwọn tó bómi lọ lé ní 100. Bí ẹ bá bi wọ́n lánàá ọjọ́ yẹn bóyá ẹnì kankan kú nínú wọn, rárá ni wọn ì bá wí.

Ìyálájé sì mọ ìdí tó fi béèrè orúkọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Doña Paz kọlu ọkọ̀ ojú omi agbépo ní Philippines, ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, tí iná sọ, orúkọ tó wà nínú ìwé èrò kò ju nǹkan bí 1,500 lọ. Àwọn tí wọ́n gbà pé ó kú lé ní 4,000. Lálẹ́ ọjọ́ tiwa, ta ló kọ orúkọ àwọn tí ẹ kó ti ọkọ̀ kejì wá? Mo wà níbẹ̀, mi ò rí bírò, mi ò rí ìwé. Bí ọkọ̀ náà bá dà wá sómi, orúkọ wo lẹ máa kà fún àwọn ọmọ wa?

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, ìdè rẹ̀ ti já, okùn ọ̀rá ni wọ́n fi so ó. Mo fọwọ́ tẹ fóòmù inú rẹ̀, ó sì ń rún wómúwómú bí èkuru. Obìnrin kan láti ọkọ̀ kejì gbé ọmọ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ọmọ náà ò rí ọ̀kankan wọ̀. Ìyá rẹ̀ béèrè. Ọmọ yín tó dúró níwájú ọkọ̀ ní kó ṣáà dì í mú dáadáa.

Àjọ NIWA, tó ń bójú tó ọ̀nà omi ilẹ̀ wa, ti ní kò gbọdọ̀ sí ìrìn-àjò òru lórí omi, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni tó bá máa wọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi omi jẹun ò lè sọ pé ẹ ò gbọ́.

Owó wa la fẹ́, gbogbo rẹ̀, láìfọwọ́ sí ìwé ìdákẹ́ kankan. A fẹ́ ẹ̀dà ìwé èrò ọjọ́ náà àti ìwé tí ìjọba fi fún ọkọ̀ yẹn láṣẹ. Kí ọmọkùnrin yẹn àti máníjà rẹ̀ sì wá bẹ Ìyálájé nílé rẹ̀, lójú àwa ọmọ ẹgbẹ́. Ìyẹn ló ká mi lára ju owó lọ.

Ọjọ́ 14 la fún yín. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, lẹ́tà yìí àti fọ́tò àwọn jákẹ́ẹ̀tì yẹn á dé ọ̀dọ̀ NIWA àti FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, a ó sì gbé e lọ sórí rédíò l'Òṣogbo níbí. Mo tún rí i lára ògiri ọ́fíìsì yín pé ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú nígbà ìsinmi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń lọ ṣe fàájì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó lé ní 300 tó bá ọkọ̀ Sewol lọ ní Kòríà Gúúsù ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Ẹrù àkójù wà lára ohun tó fà á. Ilé-ẹjọ́ ò fi mọ sórí kápútéènì, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà lọ sẹ́wọ̀n. Èmi fúnra mi ni màá lọ bá àwọn ọ̀gá ilé-ìwé tó bá fẹ́ fi ọmọ lé yín lọ́wọ́, àwọn òbí wọn náà á sì gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ má pè wá lórí fóònù mọ́. Ìwé tẹ́ ẹ bu ọwọ́ lù la fẹ́ gbà.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé, fún ẹgbẹ́ aláró àti Ìyálájé wa