Lẹ́tà sí àbúrò mi, tó ń béèrè bí Bàbá ṣe ń se ọ̀gì Màmá

Àbúrò mi,

Okun o. O kú ìtọ́jú Màmá.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní láti ìgbà tí o ti gbé Màmá tí rọpárọsẹ̀ mú dé Àbújá, ṣíbí méjì mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó yíjú sí ògiri. O ní ìyàwó wa ti se ìrẹsì rírọ̀, ó ti ro sẹ̀mó, ó ti ra ọ̀gì inú páálí, pàbó ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. O wá béèrè pé, "Àǹtí mi, kí ni Bàbá tiẹ̀ ń ṣe sí ọ̀gì yẹn?" Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí nígbà tí Bàbá wà láyé. Inú mi dùn pé o béèrè, ó sì dùn mí.

Kò sí àṣírí kankan nínú ẹ̀. Ojú tó ń wo nǹkan ló wà níbẹ̀, àti sùúrù. Jẹ́ kí ìyàwó wa kà á, àmọ́ ìwọ ni mò ń kọ ọ́ sí, ìwọ ni mo sì fẹ́ kó sè é.

Ọ̀gì ọkà bàbà pupa ni Màmá ń mu, kì í ṣe ti àgbàdo. Ra ọkà náà, fẹ́ ẹ, ṣà á, kí o sì ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, torí òkúta wẹ́wẹ́ máa ń pọ̀ nínú ẹ̀. Rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí o máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí o kò bá pààrọ̀ omi, kì í kan lásán, ó ń rùn, Màmá yóò sì mọ̀ kí abọ́ tó dé iwájú wọn. Gbé e lọ sí ẹ̀rọ, lọ̀ ọ́ kúnná. Aṣọ ni kí o fi sẹ́ ẹ, kì í ṣe asẹ́ ike, nítorí eèrí tó bá wọlé ni yóò máa há wọn lọ́fun. Jẹ́ kó tòrò mọ́jú, kí o wá rọra da omi orí rẹ̀ kúrò.

Tí o bá fẹ́ sè é, bu ṣíbí ìjẹun mẹ́rin tó kún dáadáa nínú ọ̀gì tútù yẹn, fi ìdajì ife omi tútù pò ó títí kò fi ní sí kókó. Gbé ife omi kan àbọ̀ kaná. Tó bá hó, rẹ iná sílẹ̀, máa da ọ̀gì náà sí i díẹ̀díẹ̀, kí o máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Àwọn kan ń da omi gbígbóná lé ọ̀gì tí kò tíì yòrò. Ìta rẹ̀ á dì kíákíá, inú rẹ̀ á ṣì wà ní tútù. Bí kókó ṣe ń wá nìyẹn, kókó kan péré sì tó láti fún Màmá lọ́fun. Jẹ́ kó wà lórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, títí òórùn tútù yóò fi kúrò lára ẹ̀.

Báyìí ni Bàbá ṣe ń dán an wò: wọ́n á bu ṣíbí kan, wọ́n á yí ṣíbí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá ń ṣàn, kò tíì ki tó. Tó bá lẹ̀ mọ́ ṣíbí tí kò fẹ́ bọ́, ó ti ki jù. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sínú abọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ṣíbí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Dúró kó lọ wọ́ọ́rọ́ kí o tó dán an wò, torí bó ṣe ń tutù náà ló ń ki sí i. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí o fi mọ gbígbóná rẹ̀. Màmá kò mọ nǹkan gbígbóná lápá ọ̀tún ẹnu wọn mọ́, wọn ò sì lè sọ fún ọ pé o ti jó wọn.

Ohun kan wà tí Bàbá fúnra wọn ṣàkíyèsí kí nọ́ọ̀sì tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ọ̀gì tó ki dáadáa níbẹ̀rẹ̀ máa ń di omi kí Màmá tó mu ún dé ìdajì. Itọ́ ló ń fà á. Ṣíbí tó ti ẹnu wọn bọ̀ ló ń gbé itọ́ padà sínú abọ́, ohun tó wà nínú itọ́ sì ń já ọ̀gì. Látìgbà náà, abọ́ ńlá wà lọ́tọ̀ tí wọ́n ń dé, abọ́ kékeré wà lọ́tọ̀. Ṣíbí tí wọ́n fi ń bù ú kì í kan ẹnu Màmá. Ìwọ wò ó, àbúrò mi: ọkùnrin tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara ẹ̀ nígbà tí à ń dàgbà.

Kí ṣíbí tó dé ẹnu, gbé wọn jókòó, kí ẹ̀yìn wọn nàró. Fi ìrọ̀rí ti apá ọ̀tún tí rọpárọsẹ̀ mú, kí wọ́n má baà fì. Wọ́n sọ fún Bàbá ní ọsibítù pé kí àgbọ̀n Màmá wálẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá ń gbé nǹkan mì, kò gbọdọ̀ gbé sókè. Ìdajì ṣíbí tíì ni, apá òsì ẹnu ni kó gbà. Dúró títí wàá fi rí i pé ọ̀fun wọn gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, kí o tó bu òmíràn. Pa tẹlifíṣọ̀n. Má bi wọ́n ní nǹkan kan nígbà tí oúnjẹ wà lẹ́nu wọn. Tí wọ́n bá jẹun tán, yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wò, oúnjẹ máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Fọ ẹnu wọn, kí wọ́n sì wà ní ìjókòó fún ìṣẹ́jú 30. Omi lásán ló léwu jù fún wọn, ó ń yára ju ọ̀fun wọn lọ. Bàbá máa ń po ṣíbí ọ̀gì jíjinná mélòó kan mọ́ omi mímu kó lè falẹ̀. Bí wọ́n bá ń wúkọ́ nídìí oúnjẹ, tí ohùn wọn ń dún pọ̀rọ̀pọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n mu nǹkan, tí ara wọn sì tún gbóná, oúnjẹ lè ti máa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ nìyẹn. Má dúró di ọjọ́ kejì, gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Kérésìmesì yẹn, o mọ èyí tí mò ń wí. O dé, Bàbá wà nídìí ààrò nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, orogùn wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀gì ń hó. O ò tíì kí wọn tán tó o ti ní kí a wá ọmọ ọ̀dọ̀, pé kí ni àwọn ará àdúgbò yóò máa rò tí wọ́n bá rí àgbà tíṣà nídìí ìkòkò. Ojú Màmá lo ti sọ ọ́. Bàbá gbé orogùn lé etí ìkòkò, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Ọ̀gì yẹn jóná. Màmá, tí àìsàn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, fi ọwọ́ òsì gbá apá àga, wọ́n tún gbá a, wọ́n tún gbá a. Ṣé ìwọ ni wọ́n ń bá wí? Ṣé Bàbá ni wọ́n ń pè padà? Àbí ọ̀gì tó ń jó ni wọ́n ń fi hàn wá? Mi ò mọ̀. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Mo máa ń jí lóru, ohùn ọwọ́ yẹn lórí igi àga ni mo máa ń gbọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìsinmi lo ń wá fún Bàbá, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, nígbàkigbà tí o bá wálé, Bàbá máa ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ra wọn kí wọ́n tó dáná, nínú ilé tí wọ́n fi owó ara wọn kọ́. Ìwé tí o kọ nípa ìgbésí ayé wọn fún ìsìnkú sì dé, tíṣà wà níbẹ̀, àgbẹ̀ kajú wà níbẹ̀, alàgbà ìjọ wà níbẹ̀. Kò sí ilé ìdáná níbẹ̀.

Ó yá, ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ọ̀gì nìkan kò lè gbé wọn dúró, ẹ̀wà ló ń fún wọn lágbára. Ife ẹ̀wà méjì, bó o títí kò fi ní sí èèpo kan lára ẹ̀, kí o rẹ ẹ́ sí i fún wákàtí kan. Lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà kékeré kan àti tàtàṣé tí o ti yọ kóró inú ẹ̀. Rọra lọ̀ ọ́, kí o máa fi ìka méjì yẹ̀ ẹ́ wò títí kò fi ní ní hóró. Pẹ̀lú omi tí o fi lọ̀ ọ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí yóò wọ inú rẹ̀ tó ife méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Bu òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sí i, lu ẹyin kan pọ̀ mọ́ ọn, kí o fi orogùn lù ú dáadáa fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Èyí tí a kò lù máa ń le gbagidi. Má gé ẹyin sísè sí i, torí pípúpa rẹ̀ ń gbẹ, ó sì ń fọ́n ká lọ́fun. Ẹja tí o bá fi sí i, yọ egungun rẹ̀ kí o sì gún un kúnná. Pọ́n ọn sínú ewé eéran, fi igi ewé tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí omi má sì ga dé ibi tí ewé wà, torí omi tó bá wọlé ló ń jẹ́ kí ọ̀lẹ̀lẹ̀ ṣòro láti dì. Ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Tí omi bá ń tán, omi híhó ni kí o bù sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe omi tútù.

Ti iyán ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá béèrè, torí kí ni ilé ará Okun láìsí iyán. Má fún wọn. Iyán ń fà, ó ń lẹ̀, ọ̀fun tí kò lágbára kò lè gbé e kọjá. Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún Bàbá, wọ́n dorí odó kodò sẹ́yìn ilé. Àwọn náà kò jẹ iyán nílé mọ́, nítorí tí Màmá bá gbọ́ ìró ọmọ odó, ojú wọn á lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àsáró ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Iṣu tó ti gbé ilẹ̀ dáadáa ni kí o lò, iṣu tuntun ń lómi jù. Gé e kékeré, sè é fún ìṣẹ́jú 30 sí 40 títí yóò fi máa fọ́ fúnra ẹ̀, kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkòkò ní gbígbóná. Tó bá tutù kí o tó tẹ̀ ẹ́, kókó inú ẹ̀ kò ní yọ́ mọ́. Fi omi ọbẹ̀ ẹja àti epo pupa díẹ̀ rọ̀ ọ́.

Iyọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa gbogbo èyí, fún ìdí yìí, mú Magí kúrò nídìí ìkòkò, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àti èyí tó ti wà nínú búrẹ́dì àti ẹja gbígbẹ ni wọ́n kà mọ́ ọn. Irú ni Bàbá fi ń gba ojú Magí, pẹ̀lú edé lílọ̀ àti àlùbọ́sà tó pọ̀. Tọ́ irú náà wò kí o tó lò ó, àwọn kan ń fi iyọ̀ sí i kó má baà bàjẹ́. Ṣàn án nínú omi púpọ̀, iyanrìn máa ń wà nísàlẹ̀. Kí o tó fi ṣíbí kàn wọ́n lẹ́nu, sọ orúkọ oúnjẹ náà fún wọn. Bàbá kì í gbàgbé ìyẹn. "Ọ̀lẹ̀lẹ̀ nìyí o, Ìyá Ọ̀dọ̀. Mo fi edé sí i." Lójú tèmi, àìgbọ́ ìyẹn ló ń mú kí wọ́n máa wo ògiri.

Èmi náà, wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ mi, 160 lórí 100 ló wà. Dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù. Ìkòkò méjì ló yẹ kí n máa gbé kaná, tàwọn ọmọ àti bàbá wọn, àti tèmi. Tí mo bá fi máa se ti àwọn tán, ó ti rẹ̀ mí, oníyọ̀ náà ni màá bu. Ọkọ mi á wọlé lálẹ́, á ní òun ti jẹun níta, á lọ sùn. Èèyàn dáadáa ni, o mọ̀ ọ́n, kò lù mí rí, kò bú mi rí. Àmọ́ mo máa ń jókòó ti abọ́ tí mo dé sílẹ̀ fún un, màá máa rò ó pé bí apá mi bá rọ lọ́la, ta ni yóò mọ bí ọ̀gì mi ṣe yẹ kó ki tó? Mi ò tíì sọ ọ́ fún un. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, mi ò sì mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún ẹ, ìwọ tó jẹ́ pé mo ṣì ń bínú sí.

Màá fi ẹrù ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń kúrò ní gáráàjì Kàbà láàárọ̀ Sátidé. Ọ̀gì wà nínú ike funfun, irú wà nínú ọ̀rá dúdú, ewé eéran wà lókè. Tí tírélà sìmẹ́ńtì bá dá ọkọ̀ dúró lọ́nà Ọ̀bàjànà, ọ̀gì náà á ti gbóná kó tó dé. Da omi orí rẹ̀ nù, bu omi tútù mìíràn sí i, kí o gbé e sínú fíríìjì. Ìwọ fúnra ẹ ni kó lọ gbà á. Kí o sì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ tí o bá sè é, sọ iye ṣíbí tí wọ́n jẹ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Kàbà.