Ohun tí Bàámi kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà

Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti àwọn ọmọ wà? Bàbá wọn ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. Ibi tí o ti ní àbígbẹ̀yìn rẹ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà níbẹ̀ pé June 12 ni ọjọ́ tí Abíọ́lá kú, ara mi ò gbà á. Mi ò bá ọmọ wí, àwa la ò sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí mo lè sọ sínú fóònù, ni mo ṣe mú bírò.

Sọ fún un pé ọjọ́ ìbò ààrẹ ni. Ọjọ́ Sátidé, 12 oṣù Okúdù 1993. Ìwọ náà wà lórí ìlà lẹ́yìn mi, o ò lè ti gbàgbé. Nígbà tí a dìbò tán, tí wọ́n da ìwé ìbò sórí tábìlì, tí ọ̀gá ibẹ̀ ń na ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, ṣebí gbogbo wa là ń bá a kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bó bá jẹ́ ti ẹlẹ́ṣin, ẹgbẹ́ Abíọ́lá, àwọn ọmọdé á hó yèè. Bó bá jẹ́ ti ẹlẹ́yẹ, ẹgbẹ́ Tofa tó ń bá a du ipò, àwọn tó dìbò fún Tofa náà á pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Bàámi fi bírò kọ iye méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n yọ kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri, wọ́n dà á kọ sẹ́yìn rẹ̀ kí òógùn tó pa á rẹ́.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ibi tí a ti dìbò ni wọ́n ti kà á, níṣojú wa, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì mọ tirẹ̀. Kí Abuja tó sọ ohunkóhun, àwọn èèyàn ti ń ro ó pọ̀: Abíọ́lá mú ìpínlẹ̀ 19 nínú 30, títí kan Kano tí Tofa ti wá. Mùsùlùmí ni òun àti Kingibe igbákejì rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ dìbò fún wọn. Nígbà tó wá di ọjọ́ 23 oṣù náà tí ìjọba ológun Babangida wọ́gi lé e, bébà lásán ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò sí ìbuwọ́lù, kò sí déètì. Bàámi yọ kàlẹ́ńdà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n gbé e kọ́ padà. Wọn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Màámi ní tiwọn ń wá ibi tí wọ́n máa kó kẹrosíìnì pa mọ́ sí, torí ojú wọn rí Wẹ́tìẹ́ ní 1965, rògbòdìyàn òṣèlú tí wọ́n ti ń da epo sí ilé àti èèyàn, tí wọ́n ń dáná sun ún.

Babangida lọ, Shónẹ́kàn ṣe ìjọba fìdíhẹ tí kò pé oṣù mẹ́ta, Abacha, ológun mìíràn, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ò pẹ́. Èyí tó pẹ́ ni ìyà tó tẹ̀lé e. O rántí 1994, lẹ́yìn tí wọ́n mú Abíọ́lá, tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀, tí a ń fẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá dé Bẹẹrẹ? Wọ́n pa Kúdírátù, ìyàwó Abíọ́lá, ní oṣù Okúdù 1996, ọdún yẹn náà lo lọ. O ò sí níbí nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún tí Abacha gbà láàyè fa òun nìkan kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Bọ́lá Ìgẹ́ ti pè wọ́n ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ebibi 1998, Ìbàdàn ò gbà mọ́, ìgboro dàrú, wọ́n yìnbọn. Wọ́n kó Ìgẹ́ àti Lam Adéṣínà, wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n ogun ni wọ́n. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra mi, mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín àpò gààrí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, 29 oṣù Ebibi 1999, wọ́n búra fún Lam, tíṣà wa, ní gómìnà Ọ̀yọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé ikú ló yanjú ọ̀rọ̀ náà, pé Abacha kú, Abdulsalami dé, ó ṣètò ìbò, ó lọ. Inú mi kì í dùn sí i. Ikú náà ló mú Abíọ́lá lọ ní oṣù kan péré sí i, nínú àtìmọ́lé, Màámi sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí ọmọ kú fún. Bí kì í bá ṣe àwọn tó ti kọ̀ fún ọdún márùn-ún, ológun mìíràn ì bá jókòó ni, ẹnì kankan ò sì ní bi í.

Ogún ọdún làwọn àgbà fún irọ́, tiwa lo méjìlélọ́gbọ̀n. Ní 2018 ni Buhari fún Abíọ́lá ní GCFR, oyè tó ga jù ní Nàìjíríà, tó sì sọ 12 Okúdù di àyájọ́ ìjọba àwarawa. Oṣù Èrèlé 2025 ni Babangida fúnra rẹ̀ tó kọ ọ́ sínú ìwé pé Abíọ́lá ló wọlé. Bàámi ò sí láyé láti gbọ́ ọ. Mo lọ sí yàrá wọn lọ́jọ́ náà, mo yọ kàlẹ́ńdà.

Ohun tó ń dùn mí báyìí ni pé ní 2023, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló forúkọ sílẹ̀, ìbò tí wọ́n dì fún ààrẹ ò sì pé mílíọ̀nù 25. Mo dúró títí wọ́n fi kà á ní ibùdó wa. A ò ju mẹ́sàn-án lọ tó dúró, kò sì sẹ́ni tó gbóhùn sókè kà á.

Mo ti ya fọ́tò ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà náà, màá fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí tí dátà bá gbé e. Fi han ọmọ náà. Yíǹkì ti ń pa díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n iye méjèèjì ṣì hàn, ọwọ́ Bàámi sì ni. Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ wà nínú àwọn tó kà á.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ, Àṣàkẹ́