Lẹ́tà sí Màmá Kùmásí, tó bi mí pé èló ni wọ́n san

Màmá mi àgbà,

Mo dọ̀bálẹ̀ láti Àbújá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó má fo ibì kankan, títí kan ibi tí mo ti ṣe bí ọ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ bi mí lórí fóònù pé, "Èló ni wọ́n san fún ọ?" Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí n tó fèsì. Kí n má purọ́, inú mi dùn pé ó já. Wọn kò san kọ́bọ̀. Èmi náà ni mo tún ra epo tí jẹnẹrétọ̀ mu lóru ọjọ́ méjì.

Àyájọ́ àwọn ogúnléndé ni iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ni wọ́n máa ń ṣe é káàkiri ayé, láti ọdún 2001. Àwọn kan níbí ní àwọn kò fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ ìrẹsì ọ̀fẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan. Kí àwọn tí ogun lé wá gbé oúnjẹ wọn, aṣọ wọn àti ijó wọn jáde, kí ará ìlú wá wò, kí wọ́n sì rà. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn ya bánà àti orúkọ tí yóò wà níwájú tábìlì kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mò ń jókòó ti CorelDRAW látàárọ̀ dalẹ́ ní Útákò, tí mò ń to ìwé ètò ìgbéyàwó àti ti òkú, mo ní n ó ṣe é.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń yínmú sí ọ̀rọ̀ ogúnléndé yẹn. Ẹ kì í jẹ́ ká fi pè yín. "Ogun kọ́ ló lé wa ní Gánà, ìwé ni." Ìwé náà ni lóòótọ́. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀. Ẹ ti bí ọmọ mẹ́ta sí Kùmásí nígbà yẹn. Ta ló bi yín léèrè ìwé rí? Ìyá mi sọ pé nígbà tí ìjọba tiwa náà wá lé àwọn ará Gánà, ní oṣù kìíní ọdún 1983, ẹ kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n padà sórí bánà mi.

Èyí tí mo kọ́kọ́ yà, ojú ń tì mí láti sọ. Mo wá àwòrán ọmọ tó ń sunkún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí i lẹ́yìn, mo kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú àti àwọ̀ eérú. Mo rò pé mo ṣiṣẹ́. Obìnrin kan wà láàárín àwọn ogúnléndé náà, tíṣà ni ní Bamenda ní Kamẹrúùnù kí wàhálà ibẹ̀ tó le ní 2017. Ó wo fóònù mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní, "Kí ló wá dé tó o fi ya ti òkú fún wa?"

Ó wá tú báàgì rẹ̀, ó fa aṣọ kan yọ. Toghu ni wọ́n ń pè é. Dúdú ni, ó ń dán bí àrán, wọ́n wá fi òwú pupa, olómi ọsàn àti funfun kọ́ iṣẹ́ sí i lára, abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé abẹ́rẹ́. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fìka tọ òwú náà bó ṣe ń yí. Òun ni mo fi ṣe etí bánà kejì. Àwọn ará Gwoza ní Borno, tó wà ní Durumi ní Àbújá níbí láti ìgbà tí Boko Haram ti gba ìlú wọn ní 2014, náà kó fìlà wá, àwọn fìlà oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyẹn. Àwọn yẹn kò kọjá bodè, nítorí náà òfin kò kà wọ́n sí ogúnléndé. Tábìlì kan náà ni mo tò wọ́n sí.

Wọ́n ní kí n kọ "ẹ káàbọ̀" ní èdè gbogbo ẹni tó ń bọ̀. Bàbá Fúlàní kan kọ tiwọn fún mi sórí páálí: Jaɓɓaama. B yẹn ní ìwọ̀ lórí. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tẹ flex, mo sùn. Mo gbàgbé láti sọ ọ̀rọ̀ náà di curves, ìyẹn kí lẹ́tà di àwòrán tí kò nílò fóǹtì mọ́. Kọ̀ǹpútà tiwọn kò mọ ɓ, ó bá fi àpótí òfìfo méjì dípò rẹ̀. Èmi náà, Màmá! Èmi tí mò ń bá oníbàárà jà nítorí àmì abẹ́ ẹ àti ọ! Bàbá náà fìka tọ àpótí méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín, ó fi Hausa ní kò sí wàhálà. Mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ olówó ló gbé iṣẹ́ yẹn wá, mi ò ní sùn kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi owó ara mi tún un tẹ̀.

Ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ dùn, òjò halẹ̀ ṣùgbọ́n kò rọ̀. Tíṣà wa gbé achu wá: kókò gígún tí wọ́n gbẹ́ ihò sí láàárín, ọbẹ̀ pípọ́n bí epo kún inú ihò náà. Mo bèèrè ṣíbí, ó gbá mi lọ́wọ́. Ìka ìfábẹ̀lá ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ibi tí mo ti ń wo flex kejì tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni mo ti rántí àpótí irin yín. Ẹ sọ fún wa pé ọkùnrin tó kọ bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù yín ló wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ẹ wọkọ̀ kúrò ní Kùmásí, pẹ̀lú agolo ọ̀dà méjì, pupa àti funfun, kí ẹrù yín má baà sọ nù lọ́nà Lomé. Ó ní kí ẹ pe orúkọ ìlú yín. Ẹ pè é. Èdè wọn kò ní gb, bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́: MAMA ALATA, OBOMOSO. Bàbá wa na owó sídì sí i, ọkùnrin náà ní òun kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ọmọ ilé fẹ́ kun àpótí náà nítorí ìpẹtà. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án títí n ó fi dé ní Iléyá. Mo fẹ́ fi ìwé tín-ín-rín lé e lórí, kí n ya lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sọ ọ́ di fóǹtì. Mo ti kà á: M, A, L, T, O, B, S. Méje péré. Bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́, ṣé G wà lára rẹ̀? Tẹ́ ẹ bá rántí bó ṣe máa ń yí ìrù rẹ̀, ẹ fìka yà á sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ọmọ ọmọ yín ní Àbújá