Àṣàkẹ́, béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ohun tí o kọ sí mi lórí WhatsApp, pé bàbá kíátékà ní kí o mú ₦18,000 wá fún owó iná oṣù yìí, o sì fẹ́ kí n fi nǹkan kún tìrẹ. Màá fi kún un. Àmọ́ mo retí kí o sọ nǹkan mìíràn fún mi ṣáájú ìyẹn. Èló ni owó gbogbo ilé? Yúnìtì mélòó ni ẹ lò? Ta ló ka mítà? O ò sọ ọ̀kankan, ó sì jọ pé ìwọ náà ò béèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mi ò sọ pé bàbá náà ń jẹ owó yín o. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí o ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo bíìlì náà, kí n lè mọ bí mo ṣe máa ṣètò owó mi." Kò sí àgbà tí ìyẹn yóò bí nínú, àfi tí nǹkan mìíràn bá wà níbẹ̀.

O mọ̀ pé ẹja inú yìnyín ni mò ń tà. Fíríìsà ló kọ́ mi ní ìṣirò iná. Tí nǹkan oníwáàtì ẹgbẹ̀rún kan bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, yúnìtì kan ló jẹ. Wo ìdí tàbí ẹ̀yìn ohunkóhun tí o ní nílé, wọ́n kọ wáàtì rẹ̀ síbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 tí o bá fi lọ aṣọ fún wákàtí kan ti jẹ yúnìtì kan. Kẹ́tùlù oníwáàtì 2,000, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ló fi máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n gílóòbù funfun oníwáàtì mẹ́wàá á tàn fún ọgọ́rùn-ún wákàtí kó tó jẹ yúnìtì kan yẹn. Nítorí náà, ẹni tó ń sáré pa gílóòbù kiri, tó sì ń fi iná se omi ìwẹ̀ láràárọ̀, kò tíì mọ ibi tí owó rẹ̀ ń gbà lọ. Ohun tó ń mú nǹkan gbóná àti ohun tó ń mú nǹkan tutù ló ń jẹ iná jù.

Èyí tó kàn ni báǹdì, ìyẹn ìpele tí wọ́n pín àwọn tó ń lo iná sí, gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí iná fi ń wà. Fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wọ àdúgbò, ló ń sọ báǹdì tí ilé wà, nítorí náà má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé báyìí ni gbogbo Akóbọ̀ rí. Báǹdì A, ó kéré tán wákàtí 20 ni iná gbọ́dọ̀ fi wà lójúmọ́. B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, gbé yúnìtì kan fún báǹdì A láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225. Wọ́n dín in kù sí ₦206.80 ní oṣù karùn-ún, ó sì di ₦209.50 ní oṣù keje. VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tún ń gorí rẹ̀. Iye owó yìí lè yí padà nígbàkígbà, nítorí náà èyí tó wà lára rìsíìtì tuntun ni kí o máa lò.

Jẹ́ ká wá wo ₦18,000 rẹ. Ká ní báǹdì A ni yín, ká sì lo ₦209.50 yẹn pẹ̀lú VAT, nǹkan bíi ₦225 ni yúnìtì kan. Ìyẹn ni pé yúnìtì 80 ni wọ́n ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ìwọ nìkan. Kí lo ní nílé? Fáànù oníwáàtì 60, tó bá ń fẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, yúnìtì 18 ni lóṣù. Gílóòbù mẹ́ta, wákàtí mẹ́fà lálaalẹ́, kò tó 6. Áyọ́ọ̀nù, wákàtí kan lọ́sẹ̀, bíi 4. Tẹlifíṣọ̀n kékeré rẹ, ká fún un ní 8. Fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ kò lé ní 40, ₦9,000 nìyẹn. Ta ló wá jẹ yúnìtì 40 tó kù?

O sọ fún mi nígbà tí o kó débẹ̀ pé ìyá tó wà níwájú ní fíríìsà ńlá méjì tó fi ń ta omi tútù, pé ọmọkùnrin òkè sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ìdílé mẹ́fà, mítà kan, tí ẹ sì ń pín owó dọ́gba! Àjọjẹ ni wọ́n ń pe ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn kan ń jẹ, àwọn kan ń sanwó. Má bá ìyá náà jà. Ọjà ló ń tà, èmi náà ń ta tèmi. Níbi ìpàdé ilé ni kí o ti dá a lábàá pé kí ẹ pe ẹlẹtiríṣánì, kó so mítà kékeré mọ́ wáyà ìdílé kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú lè rí iye yúnìtì tó lò lóṣù. Tí wọ́n bá kọ̀, kí ẹ kọ gbogbo ohun èlò yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì fi wáàtì àti wákàtí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ pín owó náà. Èyí tó dára jù ni kí ìwọ gan-an ní mítà tìrẹ, ọ́fíìsì IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún Ìbàdàn, tàbí ojú òpó wọn ni wọ́n ti ń béèrè fún un. Má fi kọ́bọ̀ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbé àkàbà wá sẹ́nu géètì pé òun lè bá ọ yára ṣe é.

Tó bá jẹ́ mítà onítókìn ni, tókìn ni nọ́ńbà ogún tí ẹ máa tẹ̀ sínú mítà lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó. Yẹ nọ́ńbà mítà wò dáadáa kí o tó sanwó, torí bí o bá ṣì í tẹ̀, yúnìtì rẹ á lọ sílé onílé. Tó bá jẹ́ ti oníwèé ni, wá ohun tí mítà kà lóṣù tó kọjá àti ohun tó kà lóṣù yìí, yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Níbi tí kò bá sí nọ́ńbà méjì yẹn lórí ìwé, àfojúbù ni wọ́n ṣe. Láti 2020 ni NERC ti fi gbèdéke sí iye yúnìtì tí wọ́n lè fi àfojúbù gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní mítà, ẹ̀yin tí ẹ ní mítà náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé fẹ̀sùn kàn.

Omi yín, bọ́ọ̀hóòlù ni, ẹnikẹ́ni kì í mú bíìlì rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fà á, tó bá jẹ́ oníhọ́ọ̀sì pawà kan, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yúnìtì ló ń jẹ ní wákàtí kan, inú owó iná yẹn náà ló wà. Tí ẹ bá jẹ́ kí táǹkì máa ṣàn dànù, owó ló ń ṣàn.

Gáàsì ńkọ́? Ìwọ̀n òfìfo sílíńdà wà lára irin rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ TW. Tó bá jẹ́ 7.2 ni wọ́n kọ síbẹ̀, tí o sì ra kílò mẹ́fà sínú òfìfo, 13.2 gbọ́dọ̀ hàn lórí òṣùwọ̀n. Dúró wò ó. Má jókòó sínú ọkọ̀ máa tẹ fóònù.

Owó àwọn tó ń kó pàǹtí, san án láìjiyàn. Àwọn tó wà ní Ìbàdàn ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ọ̀gùnpa kún bo ilé, mọ ohun tí pàǹtí inú odò lè ṣe. Ti jẹnẹrétọ̀, mi ò ní sọ púpọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, iná tí èèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti di ti ọlọ́rọ̀. Ra fáànù oníbátìrì.

Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì. Òótọ́ ni, àmọ́ bíìlì kò mọ oríkì.

Ya fọ́tò mítà náà àti ìwé tí bàbá bá fi hàn ọ́, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ó jọ ṣírò rẹ̀. Màá fi ẹja rán awakọ̀ sí ọ ní Sátidé. Bẹ ìyá iwájú kó fún ọ láyè nínú fíríìsà rẹ̀. Ìwọ náà ṣáà ń san owó iná rẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.