Yìnyín ti dé, Ìyá Ìbejì

Chicago,
Oṣù Ọ̀pẹ

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Màmá ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Àwa wà, iṣẹ́ wà, a ti kó kúrò nílé àtijọ́, àlàyé ń bọ̀ lórí fóònù. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ lóru àná. Bí mo ṣe fa kọ́tìnì, ìwọ ni mo rántí.

Home Alone, fíìmù ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé nígbà Kérésì! Kásẹ́ẹ̀tì bàbá yín, tí ìlà funfun máa ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Ọyẹ́ ń fẹ́ níta, ètè wa ti bẹ́, àwa ń fi ṣíbí ha yìnyín ara fírísà màmá yín, à ń dà á sórí ara wa. Mo mú Dèjì ọmọ rẹ lọ wo ilé tí wọ́n ti ya fíìmù yẹn ní Winnetka, létí adágún Michigan, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ó di ìka mi mú pinpin, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò ní gbàgbé mi o?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Láti August 2024 tó ti bá wọn wọ́de nítorí ogun Gaza, nígbà àpéjọ ẹgbẹ́ Democrat níbí, ọkàn mi ò balẹ̀. Irun rẹ̀ ti ta kókó bíi ti dàdá, ìyẹn ò dùn mí. Àpéjọ ẹgbẹ́ náà ní 1968, tí wọ́n ṣe níbí bákan náà, ló ń dẹ́rù bà mí. Grant Park ni mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Níbẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn tó kọ ogun Vietnam kóra jọ sí. Àwọn kan tiẹ̀ fa ẹlẹ́dẹ̀ jáde, wọ́n ní òun làwọn fẹ́ ní ààrẹ. Ọlọ́pàá Daley, Mayor Chicago nígbà náà, fi kóńdó àti tajútajú bò wọ́n níwájú òtẹ́ẹ̀lì Hilton, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e. Humphrey, igbákejì ààrẹ, sì gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ láì díje nínú ìdìbò abẹ́lé kankan. Nixon ti ẹgbẹ́ Republican ló wọlé ààrẹ.

Mo sọ ìyókù fún ọmọ rẹ nídìí oúnjẹ. Ìgbìmọ̀ tí Sẹ́nétọ̀ McGovern ṣe alága rẹ̀ tún òfin ẹgbẹ́ ṣe, pé kí àwọn àgbà má jókòó sí kọ̀rọ̀ mú ẹni tó wù wọ́n mọ́, kí obìnrin, ọ̀dọ́ àti aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn aṣojú. Nígbà tó di àpéjọ 1972 ní Miami Beach, Daley àtàwọn èèyàn rẹ̀ gan-an ni wọn ò fún láyè ìjókòó. Lóòótọ́, McGovern, tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ lọ́dún yẹn, fìdí rẹmi ní ìpínlẹ̀ 49, ṣùgbọ́n ìdìbò abẹ́lé ni wọ́n ṣì sábà máa ń fi yan olùdíje dòní.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọdún mẹ́rin péré?" Inú mi dùn, àfi bó ṣe tún bi mí pé, "Mọ́mì, àwọn ọ̀dọ́ tó wọnú ẹgbẹ́, ṣé ẹgbẹ́ ò wá sọ wọ́n di Daley?" Ìyá Ìbejì, mi ò rí èsì fún un. Lọ́jọ́ kẹta ló ní òun fẹ́ bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa. Ẹ̀rù ìwọ́de tó ń bà mí tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹ̀rù méjì.

Ọjọ́ kejìlélógún ló máa balẹ̀ sí Ìbàdàn, mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló máa kọ́kọ́ yà. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ àbúrò rẹ. Òun náà wà lójú títì ní 2020 nígbà EndSARS, òun náà gba fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ ṣáájú ìbò 2023. Kó sọ ohun tó bá nínú ẹgbẹ́ fún un, èyí tó dáa àtèyí tí kò dáa. Tí kásẹ́ẹ̀tì yẹn ò bá tíì hu, wá ẹ̀rọ kan yá, kó jókòó sáàárín àwọn ìbejì wò ó.

Má jẹ́ kó mọ̀ pé mo kọ lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Ìyá Dèjì