Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì láti Debrecen

Debrecen, Húńgárì
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Má bínú sí mi. Láti oṣù Kẹfà ni lẹ́tà rẹ ti wà lórí tábìlì mi, mo sì ti kà á tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìbéèrè kan tí o bi mí nínú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì: "Ẹ̀mí mélòó lẹ jèrè lọ́dún yìí?" Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ obìnrin fẹ́ gbọ́ iye náà ní ìpàdé, àwọn tó ń dáwó ránṣẹ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe ná.

Àlùbọ́sà ni mo gé. Pòtétò ni mo bó. Ìpàgọ́ mẹ́ta la ṣe, nítorí àárín oṣù Kẹfà làwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń gba ọlidé níbí, wọn kì í sì í wọlé títí di oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì ìlú yìí, àwọn gan-an tó máa ń kún ìsìn Gẹ̀ẹ́sì wa lọ́jọ́ Ìsinmi, ti lọ sílé lásìkò náà. Ó wá ku èmi, pásítọ̀ àti ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀. Ẹni tó bá ti lè gbé ìkòkò ti di aláàsè nìyẹn.

Ti àkọ́kọ́ kò gùn láti sọ: àwọn ọmọ ń wá láàárọ̀, wọ́n ń lọ nírọ̀lẹ́, ooru sì mú gbogbo wa. Ẹni tó bá rò pé òtútù nìkan ló wà ní Yúróòpù, kó wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí lóṣù Keje. Àjà kẹrin ni yàrá mi wà. Aago mẹ́jọ alẹ́ á lù, oòrùn á ṣì dúró sójú fèrèsé mi bí ẹni tó wá sin gbèsè.

Ìkejì ni ìpàgọ́ gidi, létí adágún Balaton. Adágún náà gùn tó kìlómítà 77, síbẹ̀ ní apá gúúsù rẹ̀ o lè rìn títí kó sú ọ, omi ò ní kọjá ìbàdí. Láti Debrecen, ọkọ̀ ojú irin gbé wa lọ sí Budapest fún bíi wákàtí mẹ́ta, a sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan, a gba àárín ìlú kọjá pẹ̀lú ẹrù lọ sí òmíràn. Ọmọ 31 ni. Mo kà wọ́n kí a tó wọkọ̀, mo kà wọ́n nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo kà wọ́n létí títì. Mo tún ń kà wọ́n lójú oorun.

Gẹ̀ẹ́sì la fi ń pe àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí wá, torí òbí tí kì í yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ ọ. Èmi ni wọ́n fún ní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin kan dìde láti sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀: "My father is a driver. She is very tall." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣé o rántí iye pàṣán tí àwa méjèèjì jẹ lórí "he" àti "she" yìí? Àṣé èdè wọn dà bíi tiwa! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ő, ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, bí àwa náà ṣe ń sọ pé "ó" tí kò sẹ́ni tó ń bi wá pé akọ ni àbí abo. Olùkọ́ tó ti Amẹ́ríkà wá ń tún un ṣe, ó ń tún un ṣe, kò mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo kọ "ó" sójú bọ́ọ̀dù, mo sì sọ fún wọn pé lédè tèmi, bàbá ni, ìyá ni, òun nìyẹn. Díẹ̀ ló kù kí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì di ti Yorùbá.

Wọ́n tún ní ìkíni tí ọmọdé fi ń kí àgbà, Csókolom, bíi kí ọmọ sọ pé òun fẹnu ko àgbà lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ kékeré kí mi bẹ́ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo rántí pé mo ti ń darúgbó nìyẹn.

Ìyá àgbà tó ń dáná ibẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Inú ìkòkò tí wọ́n so rọ̀ sórí iná ló ti ń se gulyás, ọbẹ̀ ẹran wọn, ó sì ń da ata lílọ̀ sí i débi pé mo ń múra sílẹ̀ fún omi ojú. Kò ta! Àwọ̀ nìkan ló ní. (Ọbẹ̀ èso ṣẹ́rì tútù tó nínú ṣúgà ńkọ́? Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Lálẹ́ ọjọ́ kan ó gbé Bíbélì rẹ̀ wá, ó fọwọ́ bi mí bóyá àwa náà ní tiwa. Mo kọ 1884, ọdún tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde, sórí páálí fún un, mo ní Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ 1590, ọdún tí tiwọn jáde, sábẹ́ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fi ayò pa mí. A jọ ka Orin Dáfídì 23, kálukú lédè tirẹ̀, a sì parí rẹ̀ pọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin ni ìjì dé. Wọ́n ní iná ìkìlọ̀ tó yí adágún náà ká: tó bá ń ṣẹ́jú ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, kí o má jìnnà sétí omi, tó bá di 90, kí o jáde kíá. Mo rí i tó yára sí i. Mo fun fèrè, wọ́n sáré jáde, mo kà wọ́n: 30. Mo tún kà á: 30. Ìyá Ìbejì, mi ò mọ ohun tí mo ń ké mọ́, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀. Ilé ìdáná la ti rí i, ọmọ "she is very tall" náà ni, ó ń jẹ búrẹ́dì àti jáàmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ kan omi lọ́sàn-án yẹn.

Ìpàgọ́ kẹta, eégbọn la fi wá kiri lára àwọn ọmọ ní gbogbo alẹ́. Kò tún sí ohun tó kù níbẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ní Balaton, ọmọbìnrin kan bi mí bóyá Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà tí èèyàn ò sọ síta. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mirí, ó dákẹ́. Kò sunkún, kò jáde síwájú. Ṣé kí n kà á mọ́ ọn? Mi ò mọ̀ ọ́n kà. Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ìpàdé, sọ fún wọn pé 31 ni mo kà, gbogbo wọn ló délé.

Ní báyìí mo ti padà sídìí fífọ aṣọ àti wàhálà ìwé ìgbélùú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá mi padà nítorí bébà kan tí wọ́n ní mi ò túmọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dé. Ṣùgbọ́n lóṣù Kẹjọ tó lọ yẹn, ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò gbọ́ ohùn kankan tó mọ orúkọ mi pè dáadáa, n kò sì fẹ́ kí o sọ ìyẹn ní ìpàdé.

Ìyá àgbà fi ìgò jáàmù méjì ránṣẹ́ sí mi. Ó fi bébà sí i: ṣé màá wá gé àlùbọ́sà lọ́dún tó ń bọ̀? Mo ti fèsì fún un kí n tó fèsì fún ọ, má sọ pé mo fi ọ́ ṣe kejì.

Bá mi kí àwọn ará ilé. Sọ fún Táyé àti Kẹ́hìndé pé kí kálukú wọn kọ lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n jọ kọ kọjá yẹn, mi ò mọ ẹni tó fẹ́ bọ́ọ̀lù.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ