Ilé olówó pọ́ọ́kú ni kí ìjọba Èkó kọ́ fún wa

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́.

Òfin Èkó ti ọdún 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ọdún méjì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, owó ejẹ́ǹtì lọ́tọ̀. Yàrá kan ni, a sì ń gbé báàfù síbi tó ń jò bí òjò bá ti ṣú.

Òfin nìkan ò lè kọ́lé. Láàárín 1979 sí 1983, ìjọba Lateef Jákàńdè kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìsọlọ̀, Ìpájà àti Amùwò-Ọ̀dọ̀fin. Àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú wọn dòní. Ìkáwọ́ gómìnà ni òfin ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ sí. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ilẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n kọ́lé tí tíṣà àti aláte lè máa san díẹ̀díẹ̀. Ilé olówó gọbọi bíi ti Lẹ́kí kọ́ là ń béèrè.

Ayálégbé kan, Agége, Èkó